Ọjọ́ Tí Wọ́n Parí Ìjà Tí A Ò Jà

Mo dé e! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹsẹ̀ ara mi dé Under G ní Ogbómọ̀ṣọ́! Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná. Bósẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń pariwo "Halelúyà", àǹtí mi ń pariwo "Alihamudulilai", àwọn ọmọ sítúdẹ́ǹtì tó wá ra Ìńdómì gbé ike wọn kalẹ̀, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò mi. Èmi ńkọ́? Mo nà gbalaja sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi, nínú ìró tí kì í ṣe tèmi, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mò ń rùn bíi fùfú tó ti kan. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò tiẹ̀ mọ èwo ni mò ń ṣe nínú méjèèjì. Ìyá arúgbó kan, tí mi ò mọ̀ rí títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, ń fi etí ìborùn wọn nù mí lójú. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí láyé, ọjọ́ yẹn á ṣẹ́kù. Ó ti kọ sí mi lọ́kàn bí ilà ojú.

Ẹ jẹ́ n mí ná. Ẹ jẹ́ n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Màmá mi ló ń ta àwo àti ìkòkò ní Ọjà Akẹ̀sán. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, tí ọ̀nà yunifásítì ò tètè là, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń jókòó sí, mò ń bá wọn to àwo, mò ń bá wọn fọn eruku. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé látìgbà náà, mi kì í rí oorun sùn mọ́. Màá kàn la ojú sílẹ̀, màá máa wo àjà títí àwọn àkùkọ á fi bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn.

Bósẹ̀ ló rí mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń dirun, kò jìnnà sí tiwa. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, òun náà mọ ìdí tí èèyàn fi ń jí lóru. Lọ́jọ́ kan ó wò mí lójú, ó ní, "Ojú ẹ ti wọnú. Wá bá wa sáré lówùúrọ̀." Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní kílọ́ọ̀bù, àwọn máa ń sáré kílẹ̀ tó mọ́ tán. Mo rò pé nǹkan ń ṣe é ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò dé òpin àdúgbò tí mo fi jókòó sórí gọ́tà, tí mò ń mí bí ajá. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo sùn. Ẹ̀yin èèyàn, mo sùn! Látìgbà yẹn, bí ẹ bá ní kí n má jẹun, màá gbà. Ẹ má ṣáà ní kí n má sáré.

Ohun tí bàbá mi fẹ́ẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Télọ̀ ni wọ́n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kankan ṣeré. Àwọn kan ti ń wá sí ìdí ẹ̀rọ wọn, wọ́n á ní, "Alùfáà, ọmọ yín yìí tó ń sá káàkiri, ṣé kò sí o?" Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ò sí mọ́, gbogbo ayé ló ń wò ó.

Kílọ́ọ̀bù wa wá ní ọ̀nà kan. Kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò o. Ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ ni, láti Ìkòyí-Ilé, ó gba inú oko kọjá, ó la àwọn abúlé kéékèèké, ó fo odò, ó lọ́ bí ìfun àgùntàn, kó tó já sẹ́yìn Under G ní Ogbómọ̀ṣọ́. Odidi ọjọ́ kan lèèyàn fi ń sá a. Bí ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń ṣe àáró la ṣe ń ṣe é: lónìí, ẹnì kan ló ni eré, àwọn tó kù á gbé omi fún un, wọ́n á bá a sá apá kan, wọ́n á ṣọ́ ọ. Nígbà míì, á kan ẹlòmíràn. Ó wá kàn mí.

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi. Wọ́n ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá sá a tán?"

"Wọn kì í fún un ní nǹkan kan, sà."

"Ẹ̀hẹn. Ẹ ń sáré lọ síbi tí kò sí nǹkan kan."

Wọ́n gé aṣọ yẹn títí ó fi kù bíńtín. Nígbà tó yá, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ó dáa. Màá wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí ẹ ní Under G. Bí o bá fẹsẹ̀ ara ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun mọgíríbì, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́ mọ́ láyé. Àmọ́ bí ìdí ẹ bá kan ọ̀kadà, bó kan mọ́tò, pẹ́nrẹ́n báyìí, eré tán nìyẹn, o ò gbọdọ̀ sáré mọ́. Mi ò ní sí nínú oko láti ṣọ́ ọ. Ọlọ́run á wà níbẹ̀."

Mo sáré dáhùn pé ẹ ṣé, sà. Mi ò mọ ohun tí mo ki orí bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti lọ sùn ní Ìkòyí-Ilé. Bí a ṣe kírun àsùbáà tán, tí Bósẹ̀ náà gbàdúrà tirẹ̀ tán, a gbéra. Èmi ni mo leré, Bósẹ̀ ń bá mi sá, Mùfú sì ń tẹ̀lé wa lórí ọ̀kadà, torí pé inú igbó ò rí bíi tàtijọ́ mọ́, bàbá mi sì ti ní dandan ni kí ọkùnrin kan wà pẹ̀lú wa. Mùfú yìí ni olórí kílọ́ọ̀bù wa. Mẹkáníìkì ni, ó ga, ó fẹ̀ láyà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó so báàgì Gáná-mọ́ọ̀sì-gò ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà: omi wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, gúlúkóòsì wà níbẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi sùn náà wà níbẹ̀. Èèyàn tí ò bá mọ̀ á rò pé a ń kó lọ ni.

Wàhálà àkọ́kọ́, ìkíni ni. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọ̀nà oko láàárọ̀, àwọn àgbà ló kún ibẹ̀. Bí mo bá ti rí bàbá kan pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, màá kúnlẹ̀, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Màá dìde, màá sáré díẹ̀, ìyá kan á yọ, màá kúnlẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Àgbà kan ò sì ní gba ìkíni kó má dá a padà dáadáa. Ṣé a jíire? Ilé ńkọ́? Ọmọ ta ni ọ́? Bàbá kan bi mí léèrè agboolé wa títí wọ́n fi rí i pé àwọn mọ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi.

Bósẹ̀ dúró, ó fọwọ́ mú ìbàdí. "Ṣé eré lò ń sá àbí ìrun lò ń kí?"

"Bósẹ̀, àgbà ni wọ́n."

"Àgbà pọ̀ láti ibí dé Ogbómọ̀ṣọ́ o! Tẹ orúnkún díẹ̀, kó o máa lọ!"

Mo gbìyànjú ẹ̀. Mò ń sá lọ, mò ń tẹ orúnkún díẹ̀. Ó ń jọ bíi pé ẹsẹ̀ mi kan kúrú. Báyìí la ṣe dé odò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn, ìyá kan ń ṣan ẹ̀gẹ́. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti wò mí lójú, mi ò wá lè tẹ orúnkún díẹ̀ fún irú wọn. Mo yà lọ́nà, mo wá ibi tó mọ́ tí ewé bò, mo kúnlẹ̀ dáadáa. Ewé ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹ̀. Kòtò tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sí ni, tí wọ́n fewé bò lórí. Mo wọlé bí òkúta. Ó mù mí dé àyà. Omi fùfú ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọ imú mi, ó wọ ẹnu mi, mo gbé e mì.

"Yéè! Fùfú mi o!" Ohun tí ìyá yẹn kọ́kọ́ ké nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí?"

Wọ́n fà mí jáde, etí kòtò bó mi lápá. Ṣòkòtò mi ti ya láti ìdí dé itan. Bàtà mi kan wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ níbẹ̀ dòní. Bósẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹsẹ̀ sórí òkúta tó ń yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀rín bá há mọ́ ọn lẹ́nu, ó di igbe. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Mùfú gbé e sórí ọ̀kadà pé kóun sáré gbé e dé ojú títì, kó wọ mọ́tò lọ sí Under G, òun á padà wá bá mi. Wọ́n lọ, ó ku èmi àti ìyá olófùfú.

Ọlọ́run á bá mi bù kún ìyá yẹn. Wọ́n bu omi lé mi lórí, wọ́n fi kànrìnkàn ha mí, òórùn yẹn ò lọ. Wọ́n wo ṣòkòtò mi, wọ́n ní, "Èyí ò ṣeé wọ̀ láwùjọ." Wọ́n fún mi ní ìró wọn kan tó ti ṣá, bùbá kan, àti àkísà tí mo fi wé ẹsẹ̀ tí ò ní bàtà. Hìjáàbù mi ti di omi ẹ̀gẹ́, wọ́n wá fún mi ní ìborùn. Oòrùn ti ń gòkè, Mùfú ò tíì dé. Bí mo bá dúró dè é, mọgíríbì á bá mi lọ́nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ká ìró sókè, mo fọwọ́ kan dì í mú, mò ń sá lọ.

Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó gbọ́ ọ̀kadà lẹ́yìn mi. Mùfú rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbó.

"Ta ló sọ ọ́ dà báyìí?"

"Máa bọ̀ jàre."

"Ó dáa, mu omi. Oòrùn yìí le."

"Mi ò mu." Omi fùfú inú mi ń ru, bí nǹkan mìíràn bá tún wọ ibẹ̀, mo mọ̀ pé yóò padà.

"Mo bẹ̀ ẹ́, mu ún. Nítorí Ọlọ́run."

"Mùfú, fi mí sílẹ̀!"

"Bí nǹkan bá ṣe ọ́, kí ni màá sọ fún bàbá ẹ? Dúró! Mo ní kó o dúró!"

Báyìí la ṣe sáré wọ abúlé kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó lójú inú. Ọmọbìnrin kan ń sá bọ̀ láti inú igbó, ó ró ìró, ó dì í mú lọ́wọ́ kan, bàtà ẹsẹ̀ kan, apá bó, omijé lójú. Géńdé ọkùnrin kan ń lé e bọ̀ lórí ọ̀kadà, báàgì aṣọ lẹ́yìn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń yọ jáde lẹ́nu báàgì, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run pé kó dúró. Kí lẹ máa rò? Ohun tí àwọn náà rò nìyẹn.

"Dúró níbẹ̀!" Àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ abúlé ni, pẹ̀lú ìbọn ìbílẹ̀. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́ Mùfú kó tó la ẹnu. Wọ́n mú wa lọ sábẹ́ igi níwájú ilé baálẹ̀. Baálẹ̀ jókòó sórí àga, àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wọn gbé ojú sókè.

"Ẹ fọ́mọ yìí lómi mu," ni Baálẹ̀ wí.

Wọ́n gbé omi wá. Ta ló máa kọ omi baálẹ̀? Mo mu ún, mo sì dúpẹ́.

Inú bí Mùfú. "Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Omi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó mu látàárọ̀!"

Baálẹ̀ mi orí. "Kò lè gbomi lọ́wọ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti le tó bẹ́ẹ̀. Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Bàtà ẹ̀ kejì dà?"

"Ó wà nínú kòtò fùfú, sà."

Àwọn obìnrin pòṣé. Ọ̀kan ní, "Ó jù ú sí kòtò! Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ lára ọmọ yẹn ni?"

"Bàbá, kì í tiẹ̀ ṣe ìyàwó mi!"

"Háà!" Gbogbo wọn pa á pọ̀. "Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú ayé!"

Mo rí i pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n lè ṣàlàyé, bí mo sì ṣe kúnlẹ̀ ni pajápajá mú mi ní itan méjèèjì. Mi ò lè dìde, mi ò lè sọ̀rọ̀. Omi kàn ń dà lójú mi fún ìrora. Obìnrin kan ní, "Ẹ wò ó, òun tí wọ́n ṣẹ̀ ló tún ń bẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí." Ọ̀kan ti ń fi ìró nu ojú.

Wọ́n yíjú sí Mùfú. "Dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Èmi?"

Ọ̀kan nínú àwọn fijilanté kàn gbé ìbọn láti èjìká òsì sí ti ọ̀tún ni. Mùfú, olórí kílọ́ọ̀bù, dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku.

"Àyà ẹ ò kanlẹ̀. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó gbójú sókè wò mí, bí ìwò bá ń pani, mi ò ní sí níbí tí màá máa sọ ìtàn. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rín ti fẹ́ẹ́ gbá mi, pẹ̀lú pajápajá lẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe gbé ẹ̀rín yẹn mì, wọ́n ní ìbànújẹ́ ni.

"Ó tó," Baálẹ̀ wí. "Ahọ́n àti ẹnu ń jà, wọ́n tún ń parí ẹ̀. Ìjà ti parí. Ọmọbìnrin, dìde, gun ọ̀kadà ọkọ ẹ, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín."

Ẹ̀rín náà kúrò lára mi. Òjìji igi yẹn ti gùn, ó ti ń kọjá lọ sára ògiri. Mo di igi náà mú, mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè gùn ún."

Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ọmọdé wo baálẹ̀ lójú, kó ní òun ò ṣe? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò dán an wò rí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé eré ni mò ń sá, láti Ìkòyí-Ilé. Baálẹ̀ bi mí pé kí ni mo jí níbẹ̀.

Mùfú sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kàn gùn ún. Tí a bá ti yí kọ̀rọ̀ oko yẹn, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ má rò pé mi ò fẹ́. Ẹsẹ̀ mi fẹ́, ìdí mi fẹ́, gbogbo ara mi ló ń bẹ̀ mí. Nǹkan kékeré ni. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá dé Under G, tí wọ́n bi mí, tí mo purọ́, kí ni mo fẹ́ máa sá kiri mọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Oorun wo ni màá rí sùn? Mo mi orí.

Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó kan láàárín àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, mà."

"Kí lò ń lé?"

Mo la ẹnu láti sọ nípa kílọ́ọ̀bù. Ohun tó jáde ni, "Màmá mi ti kú, mà." Mi ò mọ ibi tó ti wá. "Bí mi ò bá sáré, mi kì í rí oorun sùn. Bàbá mi sì ní bí ìdí mi bá kan ọ̀kadà, mi ò gbọdọ̀ sáré mọ́."

Ìyá àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò nítan wọn, díẹ̀díẹ̀.

"Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi lọ," wọ́n ní, "oko ni mo ro. Mo ro tèmi tán, mo bọ́ sínú oko olóko. Wọ́n ní orí mi ti yí. Baálẹ̀, ṣé ẹ rántí?"

Ilẹ̀ ni Baálẹ̀ ń wò. "Mo rántí."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹsẹ̀ lòun fi ń ṣọ̀fọ̀."

Baálẹ̀ wúkọ́, wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ọmọbìnrin ò ní dá tẹ̀lé géńdé yìí jáde ní abúlé àwọn. Mo rò pé wọn ò tíì gbà tán pé Mùfú kì í ṣe ọkọ mi. Ìyá àgbà dìde, wọ́n tún ìró ró. "Èmi á bá wọn lọ." Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ padà fún Mùfú, wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n na ọwọ́ síwájú. "Ó yá, ọmọ. Sá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú ìrànlọ́wọ́ yẹn rí! Bí mo bá ti fẹ́ tẹ orúnkún fún àgbà kan lọ́nà, ìyá àgbà á ti ké láti orí ọ̀kadà, "Ẹ má bínú, ó ń kánjú! Mo bá a kí yín! Ilé ńkọ́?" Àgbà sí àgbà, wọ́n á kí ara wọn délé, èmi á ti kọjá. Bí mo bá ń falẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé bó o ṣe ń sá a nìyẹn? Ewúrẹ́ mi tó lóyún yá jù ọ́ lọ!" Bí mo bá ń sunkún, wọn kì í sọ nǹkan kan.

Mùfú gbìyànjú láti gba orúkọ rẹ̀ padà. "Ìyá, èmi kọ́ lọkọ ẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́. Kí ló wá ń ṣe ọ́ tó ò fẹ́ ẹ?"

Ó gbájú mọ́ ọ̀kadà rẹ̀ títí a fi rí òrùlé àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a bọ́ sí Under G. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìka kan maikirofóònù mọ́ṣáláṣí, tọ́, tọ́, tọ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí okun. Mo já láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ta súyà, àkísà ẹsẹ̀ mi ti tú, ó ń wọ́ lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe ṣubú síwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ni ìpè ìrun gba gbogbo àdúgbò. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi nìyẹn.

Bàbá mi dúró lé mi lórí. Wọ́n wo ìró, wọ́n wo ọ̀kadà, wọ́n wo Mùfú tí gbogbo àyà rẹ̀ jẹ́ eruku. "Ṣé ìdí ẹ kàn án?"

Ìyá àgbà ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń nù mí lójú. "Èmi ni mo gùn ún," ni wọ́n wí. "Ọmọ yín ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án."

Bàbá mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n lóṣòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi tí ò ní bàtà, wọ́n tú àkísà tó kù lára ẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. "Ẹsẹ̀ ìyá ẹ lo gbé," ni wọ́n wí. "Òun náà, bó bá ti gbéra, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró." Láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn ò dárúkọ màmá mi sí mi létí rí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Máa sáré ẹ." Wọ́n dìde, àwọn náà sì sáré, torí wọ́n ti fẹ́ẹ́ gbé ìrun dúró.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀nà tí èèyàn ń sá gbà kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ni ín. Kó ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kó sọ pé òun ń bọ̀, kó sọ ohun tóun ń wá. Kílọ́ọ̀bù wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Mùfú sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tún ní bẹ obìnrin kankan pé kó mu omi láyé. Àmọ́ Baálẹ̀ ò tíì gbà pé Mùfú kì í ṣe ọkọ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí ẹni tó ń bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn kí tọkọtaya yẹn, ṣé wọn ò jà mọ́, ṣé wọ́n ti bímọ?

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, orí àga ni mo ti kírun àsùbáà nílé àǹtí mi, torí orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀. Bàbá mi kan ilẹ̀kùn. "Ṣé o ò ní sáré lónìí ni?" Bí wọ́n ṣe bi mí nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun! Mo ní, "Mò ń lọ, sà." Mi ò lè rìn, ká má purọ́. Mo wọ sílípáàsì àǹtí mi, mo di ògiri mú jáde. Ìyá àgbà, tí àwọn náà sùn sọ́dọ̀ wa, ti wà níta, wọ́n ń lọ sí gáréèjì, wọ́n fẹ́ padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Mo ní kí n sìn wọ́n. A jọ gbéra, a ò tíì dé ìdí ṣọ́ọ̀bù kẹta tí wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mi orí, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí mo fi máa dé gáréèjì, mọ́tò wọn ti kún, ó ti gbéra. Mo kàn dúró síbẹ̀ láàárín àwọn aláàárù, lórí ẹsẹ̀ tí ò ṣeé tẹ̀, mò ń juwọ́ sí eruku, mò ń rẹ́rìn-ín.